Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dáadáa, kì í ṣe Kùtọ̀nù nìkan

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pariwo pé àwọn ti dé Bẹ̀nẹ̀, ibi tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ò ju ọjà Dàǹtọ́kpá àti ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìlú yẹn lóòótọ́, bí ìjọba ẹ̀ ṣe ń lọ, ibi tówó ti ń wọlé fún wọn àti irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ààrẹ o, ẹ kàn máa há a sórí lásán ni. Owó ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Bẹ̀nẹ̀ yìí kì í ṣe Ìbìní, ìlú àwọn Ẹ̀dó. Dàhòmì ni wọ́n ń jẹ́ títí di 30 November 1975 tí Mathieu Kérékou, sọ́jà tó ń ṣèjọba wọn nígbà náà, yí i padà, torí Dàhòmì jẹ́ orúkọ ìjọba àwọn Fọ̀n ti Àgbómẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ni wọ́n bá lọ mú orúkọ etí òkun tó wà níwájú gbogbo wọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Faransé dá ẹrù 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní November 2021, ẹrù ààfin Àgbómẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àwọn ère idẹ Ọba Ìbìní.

Ó yá, ká bọ́ sórí owó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́ náírà yín sí sẹ́fà ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ẹ mú bébà kan, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí lẹ́tà kan níbẹ̀. B ni ti Bẹ̀nẹ̀, T ni ti Tógò, K ni ti Sẹ̀nẹ̀gà, H ni ti Niger. Ìlú 8 ló jọ ń ná owó yìí, Dakar ni báńkì tó ń darí ẹ̀ wà, wọ́n sì ti so ó mọ́ owó Yúróòpù, euro 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957 látọdún 1999. Ìyẹn ni pé ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ ò lè jí láàárọ̀ kó ní kí wọ́n tẹ owó sí i. Àwọn kan ń bínú sí i pé ọwọ́ Faransé ṣì wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò tiwa ní tiwọn, sẹ́fà ni wọ́n máa ń fẹ́ tọ́jú pa mọ́, ẹ sì mọ ìdí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ọ̀nà èbúté Kùtọ̀nù kẹ́ ẹ kàn dúró, kẹ́ ẹ máa wo tírélà. Niger ò ní òkun, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ẹrù wọn máa ń gbà kí wọ́n tó ti bọ́dà tiwọn pa lọ́dún 2023, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ẹrù tí wọ́n kọ orúkọ Bẹ̀nẹ̀ sí, Nàìjíríà ló ń bọ̀: ìrẹsì, adìẹ yìnyín, mọ́tò tòkunbọ̀. Ìgbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà pa ní August 2019 tí wọn ò ṣí i títí di December 2020, wọ́n jẹ̀yà ẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an. Epo bẹntiróòlù náà ńkọ́? Kpayo ni wọ́n ń pe epo tó ń sá wọ̀lú láti ọ̀dọ̀ wa, inú ìgò ni wọ́n máa ń rọ ọ́ sí lẹ́bàá títì, ẹ máa rí i tó ń dán bí oyin nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, owó kpayo fò sókè lọ́hùn-ún lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò ní nǹkan tiwọn o. Òwú ni baba, apá òkè ní Alibori ló ti pọ̀ jù, wọ́n wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù ní Áfíríkà, wọ́n sì ti ń fi díẹ̀ nínú ẹ̀ rán aṣọ ní Glo-Djigbé, ọgbà ilé iṣẹ́ wọn, dípò kí wọ́n kàn máa kó o lọ síta. Kajú àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà wà.

Ìjọba wá kù. Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni olú ìlú, ibẹ̀ làwọn aṣòfin 109 ń jókòó sí (ìjókòó 24 nínú ẹ̀ jẹ́ ti obìnrin nìkan), àmọ́ Kùtọ̀nù ni ààrẹ ń gbé, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Ìpínlẹ̀ 12, ìjọba ìbílẹ̀ 77, ó parí. Ìtàn ẹ̀ ló dùn. Wọ́n gbòmìnira ní 1 August 1960, ìjà agbára ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, débi pé lọ́dún 1970 wọ́n fi èèyàn mẹ́ta jẹ ààrẹ pọ̀, kí kálukú máa ṣe ọdún méjì méjì! Ẹnì kejì ló wà lórí àga tí Kérékou fi gbàjọba ní October 1972. Ó lò ó títí owó oṣù fi di àwátì, ló bá gbà kí wọ́n ṣe àpérò gbogbo ìlú ní February 1990, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló darí ẹ̀. Wọ́n dìbò lọ́dún 1991, Nicéphore Soglo nà án, sọ́jà náà sì gbé àga sílẹ̀. Ó tún padà wá wọlé pẹ̀lú ìbò lọ́dún 1996. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Agẹmọ.

Tó bá kan ti èèyàn, ẹ kọ́kọ́ kí wọn kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun, pàápàá àwọn ọlọ́kadà zém tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò ní Kùtọ̀nù, kẹ́ ẹ sì dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún. Káàdì ìdánimọ̀ tàbí páásípọ́ọ̀tù yín ò gbọdọ̀ jìnnà sọ́wọ́. Faransé lèdè ìjọba, Fọ̀n lẹ máa gbọ́ jù ní Kùtọ̀nù, Nàgó ni wọ́n sì ń pe àwa Yorùbá. Oṣù January ni wọ́n máa ń ṣọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ìsinmi ni fún gbogbo ìlú, ìlú Wídà (Ouidah) lèrò máa ń wọ́ lọ, ẹ ò sì ní ṣàjèjì níbẹ̀ torí Fá wọn ni Ifá wa, Gu wọn ni Ògún wa. Kétu náà wà lọ́hùn-ún, ilé Alákétu, pẹ̀lú ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Akaba Ìdèna. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 ló mú Kétu bọ́ sọ́hùn-ún tí Ìmẹ̀kọ fi kù sọ́dọ̀ wa.

Màmá tí mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Yorùbá la jọ ń sọ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kí mi, ó bi mí léèrè ilé, ìgbà tó dé orí owó ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Faransé, mo kàn na gbogbo ṣéńjì ọwọ́ mi sí i kó mú tiẹ̀ nínú ẹ̀. Bó ṣe ń dá ìyókù padà fún mi ló ní, "Ọmọ mi, eélòó ni wọ́n ń ta epo lọ́dọ̀ yín báyìí?"