Iṣu tó mu omi yó: bí mo ṣe túmọ̀ "turgid" fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC ló gbé ìwé báọ́lọ́jì wá bá mi nílé wa ní Àkúrẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ewéko kan turgid (sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara ohun ẹlẹ́mìí). "Àǹtí, kí ni turgid?" Mo ní kí nǹkan wú ni. Ó ní, "Ṣé ara sẹ́ẹ̀lì náà ò yá ni?"

Ìbéèrè yẹn mú mi ronú. Lóòótọ́, tí a bá ní ẹsẹ̀ ẹnì kan wú, àìsàn là ń sọ. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Inú turgere ti èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn kí nǹkan wú. Ìtumọ̀ méjì ló ní: ohun tó wú tàbí tó kún gan-an, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àsọdùn kún. Èyí ò tíì dáhùn ìbéèrè ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní Ọjà Ọba, mo rí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó ń wọ́n omi sí tẹ̀tẹ̀ tí oòrùn ti mú rọ. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ọmọ mi, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Mo ra iṣu bọ̀ wálé. Mo gé méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní tútù, kí wọ́n gùn bákan náà (ẹ tètè fọwọ́, torí ó máa ń yún ni). Ọ̀kan wọ inú omi lásán, èkejì wọ inú omi tí mo da iyọ̀ púpọ̀ sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ti inú omi lásán le, kò ṣeé tẹ̀. Ti inú omi iyọ̀ rọ jọ̀ọ́, iyọ̀ ti fa omi inú rẹ̀ jáde. Ọmọ náà fọwọ́ tẹ èyí tó le, ó ní, "Èyí ti mu omi yó."

Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyẹn! Sẹ́ẹ̀lì ewéko tó mu omi yó kò bẹ́, torí ògiri tó yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Tó bá bọ́ sínú omi lásán, bíbẹ́ ni yóò bẹ́.

Ìtumọ̀ kejì kò pẹ́ wa rárá. Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan turgid, kì í ṣe yíyó mọ́: ọ̀rọ̀ ńláńlá ló wú u, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. "Wú" ló tọ́ níbẹ̀.

Ló bá kọ turbid sínú ìwé rẹ̀. Mo ní rárá o, ìyẹn ni omi tó rú, bíi ti odò Àlà lẹ́yìn òjò. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: "turgid, tó mu omi yó tó sì le." Ó fa ìlà sábẹ́ "yó".