Land Rover mi rì sínú ẹrẹ̀: ṣé ọkọ̀ ló jẹ̀bi ni, àbí èmi?

Land Rover Defender àtijọ́ ni a ń sọ níbí, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Solihull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di oṣù kìíní ọdún 2016. Kì í ṣe tuntun tí àwọn ọlọ́lá ń gbé lọ sóde ìnáwó o.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra Defender 110 kan, ẹ́ńjìnnì 300Tdi, kí n lè máa fi kó kòkó jáde lóko wa lẹ́bàá Ìdànrè. Wọ́n ní ọkọ̀ ṣọ́jà ni, pé kò síbi tí kò lè wọ̀. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá rì. Táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń yí lásán, mẹ́ta yòókù dúró jẹ́ẹ́. Ṣé four-wheel rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́, àbúrò. Bóyá o ò ti diff àárín rẹ̀ (diff lock) ni. Ìgbà gbogbo ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Defender ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n diff kan wà láàárín tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, ibi tó bá sì rọrùn ni agbára ń gbà. Táyà tó bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀ ni yóò gbà á tán.

Wo ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà. Tì í sápá òsì, iná diff lock yóò tàn níwájú rẹ. Kí o tó wọ ẹrẹ̀ ni kí o ti ṣe é. Má ṣe dúró dìgbà tí táyà bá ti ń yí fìrìfìrì, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni eyín gíà máa ń kán. Bí o bá padà sórí ọ̀dà, tú u, kí iwájú àti ẹ̀yìn má baà máa bá ara wọn fà á.

Bí iná kò bá tàn ńkọ́? Ọ̀pá tí wọn kì í lò máa ń dípẹtà nísàlẹ̀. Gíríìsì àti sùúrù ló ń tú u. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti tì, àmọ́ ṣíìṣì iná ló kú. Láti mọ̀ ọ́n, fi òkúta dí àwọn táyà, fa brékì ọwọ́, fi gíà sí neutral, ti diff lock, kí o wá fi jáàkì gbé táyà iwájú kan. Bó bá ṣì ń yí fàlàlà, kò tì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: ara ṣáfùtù ẹ̀yìn ni brékì ọwọ́ ọkọ̀ yìí wà, kì í ṣe ara táyà. Bí o bá gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè láìdí àwọn yòókù, ọkọ̀ lè yí kúrò lórí jáàkì. Mo ti rí i rí, ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

Bó bá sì tì, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí táyà iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì bá ré sókè lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì ni yóò máa yí, torí diff iwájú àti tẹ̀yìn kò tì. Mercedes G ní diff lock mẹ́ta. Ìwọ, fi òkúta àti igi sábẹ́ táyà, kí o sì tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ dé bíi 20 psi. Fẹ́ ẹ padà kí o tó sáré o.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, odò kékeré kan ni ọkọ̀ wa ń là kọjá lójoojúmọ́. Ọ́ìlì diff ẹ̀yìn ti funfun bí ògì. Mẹkáníìkì ní ká ra diff mìíràn.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Diff gbígbóná wọ omi tútù, atẹ́gùn inú rẹ̀ sún kì, ó sì fa omi wọlé lára ṣíìlì. Páìpù tóóró kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń mí. Àfàìmọ̀ kí ẹrẹ̀ má ti dí i. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo irin, ìgbà yẹn la ó sọ̀rọ̀ diff. Ìdajì mítà ni ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí fún omi, ẹ má fi ìgboyà kún un.

Ìbéèrè: Defender mi tó ní ẹ́ńjìnnì Td5 ń ta gìdìgìdì bó bá gbóná.

Ìdáhùn: Ṣí abẹ́ ìjókòó iwájú, yọ púlọ́ọ̀gì pupa lára kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, láti inú wáyà injector (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ló ti rìn wá. Nù ún gbẹ, kí o pààrọ̀ wáyà náà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ wò bí mo bá fẹ́ rà á ní tòkunbọ̀?

Ìdáhùn: Abẹ́ rẹ̀. Irin di ọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n fi fi alumíníọ̀mù ṣe ara Land Rover àkọ́kọ́ lọ́dún 1948, àṣà náà sì dúró. Ẹni tó bá wo ara tí kò dípẹtà yóò gbàgbé pé irin ni ṣáásì, egungun abẹ́ ọkọ̀. Gbé òòlù kékeré dání, dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, máa kàn án láti iwájú dé irin ẹ̀yìn pátápátá. Ibi tó bá dún “kó” dára. Ibi tó bá dún “pọ̀”, tún un kàn. Bí òòlù bá wọlé, dìde, kí o gbọn aṣọ rẹ, kí o máa lọ.