Bí mo ṣe rí àyè nínú díìsìkì tó ní òun ti kún

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ìbàdàn ló ní kí n wá wo sẹ́fà (server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo wọn) ṣọ́ọ̀bù àwọn. Nextcloud, ètò tí èèyàn fi ń dá cloud tirẹ̀ sílẹ̀, ló wà lórí rẹ̀. Wọn ò fẹ́ máa fi dọ́là sanwó cloud ẹlòmíràn lóṣooṣù, wọ́n bá gbé tiwọn kalẹ̀ sórí Ubuntu, irú Linux kan. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò wọlé mọ́, àwọn ọmọṣẹ́ ò tilẹ̀ rí ojúewé náà ṣí.

"Àbúrò, ó ti kún. Èló ni díìsìkì tuntun báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, ẹ̀gbọ́n."

Bí sẹ́fà bá kún dé góńgó, kì í ṣe fọ́tò nìkan ni kò ní wọlé. MariaDB, database tí Nextcloud ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, ń wá ibi tí yóò kọ nǹkan sí. Bí kò bá rí i, yóò dákẹ́, Nextcloud yóò sì bá a dákẹ́. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ wá àyè díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè mí:

sudo apt clean
sudo journalctl --vacuum-size=200M

Èkíní ń kó àwọn fáìlì tí Ubuntu gbà wálẹ̀ láti fi gbé ètò wọlé dànù, èkejì ń gé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ kù sí 200M. Mo tún MariaDB tàn, ojúewé sì ṣí. Mi ò fọwọ́ kan trash Nextcloud o. 30 ọjọ́ ló máa ń tọ́jú ohun tí a bá pa rẹ́ sí, ta ló sì mọ̀ bóyá fọ́tò ìyàwó ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọmọṣẹ́ ṣèèṣì pa?

Ọ̀rọ̀ gan-an wá kù. Àṣẹ df -h ní 98G ni gbogbo àyè, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àṣẹ lsblk ní 931.5G ni díìsìkì, ìyẹn 1TB tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ka bytes yàtọ̀ sí bí Linux ṣe ń kà á. Níbo ni ìyókù wà? Mo tẹ sudo vgs: ohun tó wà lábẹ́ VFree, ìyẹn àyè tí a kò tíì pín, lé ní 800G. Bí ẹni kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá tó wá ti mẹ́sàn-án pa ni.

Bí ètò tó ń gbé Ubuntu Server wọlé ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí díìsìkì bá ju 200G lọ, tí a sì gbà á láyè láti lo LVM (ètò tó ń pín àyè díìsìkì sí volume) bó ṣe fẹ́, 100G péré ni yóò fún root, volume tí Ubuntu fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, yóò fi ìyókù sílẹ̀ nínú volume group, àpapọ̀ àyè tí a ti ń pín volume. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti torí èyí ra díìsìkì tí wọn ò nílò.

Ẹ̀dà fọ́tò wà lórí díìsìkì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, inverter náà sì kún, torí mi ò fọkàn tán NEPA nídìí irú iṣẹ́ báyìí. Ni mo bá tẹ̀ ẹ́:

sudo lvextend -r -L +500G /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv

Ẹ má fo -r yẹn. Òun ló ń fẹ ext4, ìlànà tí a fi to fáìlì sórí volume, pọ̀ mọ́ volume náà. Láìsí i, volume á gbòòrò, df á ṣì máa sọ 98G rẹ̀. Mi ò tún ẹ̀rọ tàn, mi ò lé ẹnikẹ́ni jáde.

Ẹ̀gbọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi fún un ní gbogbo rẹ̀. Ìdí ni pé ext4 ṣeé fẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kò ṣeé fún kù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín root kù, àfi kó fi flash tan ẹ̀rọ. Ohun tó bá sì ṣẹ́ kù ni a ó fi ya snapshot, àwòrán bí volume ṣe rí lásìkò kan. Nǹkan kan tún wà: ext4 máa ń fi 5% pamọ́ fún aṣàmúlò tó ń jẹ́ root, ìyẹn alákòóso ẹ̀rọ, nínú 600G ìyẹn jẹ́ 30G. Mo fi sudo tune2fs -m 2 /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv dín in kù sí 2%.

Síbẹ̀ ọmọṣẹ́ kan ní tòun ò tíì wọlé. Quota ni. 20 GB ni wọ́n là sílẹ̀ fún un nínú Nextcloud, kò sì sí iye tí a fẹ díìsìkì dé tó kan ìyẹn. Mo lọ sí ojú ibi tí orúkọ àwọn aṣàmúlò wà, mo sọ ọ́ di 150 GB.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ra díìsìkì tuntun náà. Wọ́n fẹ́ kí n so ó pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú vgextend, mo ní rárá: tí a bá na volume kan kọjá díìsìkì méjì lọ́nà yẹn, èyí tó bá kú nínú wọn lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀dà ni a fi ṣe. Lálaalẹ́ ni rsync ń kó fọ́tò lọ síbẹ̀, mysqldump sì ń gbé ti database, nítorí fọ́tò nìkan kò lè sọ fún Nextcloud ẹni tó ni ín.