Bẹ́ ẹ ṣe lè ka Àìsáyà fún ọ̀sẹ̀ méje bíi tàwọn Júù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Àìsáyà láti orí 40 lọ gbọọrọ, ẹ gbìyànjú ètò àwọn Júù wò lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn ò kà á tẹ̀léra, wọ́n tò ó bí ìgbà téèyàn ń parí ìjà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo Tisha B'Av lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ 9 oṣù Av nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù, ó sábà máa ń bọ́ sí July tàbí August, ọjọ́ ààwẹ̀ ni, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí Bábílónì wó, àtèyí táwọn ará Róòmù tún wó lọ́dún 70. Sátidé tó tẹ̀ lé e lẹ máa bẹ̀rẹ̀, méje gbáko, títí ọdún tuntun wọn á fi kù dẹ̀dẹ̀. Ní sínágọ́gù, tí wọ́n bá ka Tórà, ìyẹn ìwé Mósè márààrún, tán ni wọ́n ń ka tàwọn wòlíì, haftarah ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, 40:1-26: Ọlọ́run rán àwọn wòlíì, ẹ tu àwọn èèyàn mi nínú. Ìkejì, 49:14 dé 51:3, Síónì, ìyẹn Jerúsálẹ́mù tí wọ́n fi wé obìnrin, ò gbà, ó ní Olúwa ti gbàgbé òun. Ìkẹta, 54:11 dé 55:5, àwọn wòlíì padà lọ jíṣẹ́ fún Ọlọ́run pé obìnrin yìí ò gba ìpẹ̀ o.

Ìkẹrin gan-an ló dùn jù, 51:12 dé 52:12. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́ni tẹ́ ẹ ń bínú sí bá rán èèyàn wá bẹ̀ yín, ẹ̀yin náà á ní ṣé òun ò lẹ́sẹ̀ ni? Ibí ni Ọlọ́run ti wá fúnra ẹ̀: "Èmi, àní èmi." Ẹ kà á sókè, ẹ ò rí i pé ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, anochi anochi lédè Hébérù, bó ṣe pe nachamu nachamu, ìyẹn ẹ tù wọ́n nínú, lọ́sẹ̀ kìíní. David Abudarham, ọ̀mọ̀wé Júù kan, ará Seville ní Sípéènì, ló ṣàlàyé ètò yìí bẹ́ẹ̀ láyé ọdún 1300 sí 1400, èmi ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Ìkarùn-ún kúrú, 54:1-10, àgàn ń kọrin. Tóṣù tuntun bá bọ́ sí Sátidé kẹta, àwọn kan á ka orí 66 dípò, wọ́n á wá so ti ìkẹta mọ́ èyí, kó má dà yín rú. Ìkẹfà, orí 60 látòkèdélẹ̀.

Ìkeje, 61:10 dé 63:9, Síónì tó lóun ò gbà lọ́jọ́sí ti wọṣọ ìyàwó.