Àròkọ Tó Dúró Sójú Kan: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Bí ìdánwò BEPC (ti ọdún kẹrin girama) àti BAC (ti àṣejáde girama) bá ti ń sún mọ́lé ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, ẹnu ọ̀nà mi kì í dá mọ́. Àwọn ọmọ troisième tó ń ṣe BEPC á wá, àwọn ti terminale tó ń ṣe BAC á wá, àwọn tó ti wọ yunifásítì pàápàá á máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kà á láti òkè wá, ẹ má fò lọ sí ìsàlẹ̀. Àròkọ Yorùbá ni o, dissertation (àròkọ àríyànjiyàn) Faransé ni o, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni o, ibi tí wọ́n ti ń bàjẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó ti bébà, mi ò rí nǹkan kan kọ.

Ṣé o ti ka ìbéèrè? Tún un kà. Fi ọwọ́ ara rẹ dà á kọ sórí brouillon, bébà tí o fi ń dánra wò.

Mo ti kà á. Kò sí nǹkan kan lórí mi síbẹ̀.

Pa fóònù. Mi ò ní kí o dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ní kí o pa á.

Olùkọ́ kọ "hors sujet" (pé mo kúrò lórí ìbéèrè) sórí ìwé mi, bẹ́ẹ̀ ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ.

Ojú ewé mẹ́rin nípa owó. Ìbéèrè kò ní kí o sọ̀rọ̀ nípa owó. Ó ní ṣé owó lè fún ènìyàn láyọ̀. Fa ìlà sábẹ́ "lè", torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹni tí kò bá wá ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè dání, ohun tó ti há sórí láti ilé ni yóò kọ, olùkọ́ á sì mọ̀ láti ìlà kẹta.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ introduction? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lo gbogbo àkókò mi.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ wa ń wá nínú introduction: kí o mú ọ̀rọ̀ wọlé, kí o gbé ìbéèrè kalẹ̀, kí o sọ ọ̀nà tí o máa gbà. Báwo lo ṣe fẹ́ júwe ọ̀nà tí o kò tíì là? Àárín ni kí o kọ́kọ́ tò. Bí o bá tò ó tán, kí o wá kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sórí brouillon kí o tó fọwọ́ kan bébà tí o máa fi sílẹ̀. Má fi ìparí falẹ̀ rárá, nítorí nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò bá ké pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà yẹn ni ọmọ tó gbọ́n á kọ "Ní àkótán, owó dára, owó kò sì dára."

Ẹ gbọ́ o: bí mo bá tún rí ìwé kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "De tout temps, l'homme..." ("Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ènìyàn..."), mà á dá a padà láìkà á.

Yorùbá ni mo fi ń ronú, Faransé ni wọ́n ní kí n fi kọ.

Fi Yorùbá ronú. Ta ló ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀? Bí mo bá fẹ́ kọ Faransé, Yorùbá lèmi fi ń to ìlànà mi, nítorí pé èdè tí mo fi ń bá ènìyàn jiyàn lójoojúmọ́ ni mo fi ń tètè mọ̀ bí àlàyé mi kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń bà á jẹ́ ni pé odindi ìpínrọ̀ lẹ ń kọ ní Yorùbá, tí ẹ óò wá máa túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Faransé tó máa ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe Faransé, Yorùbá rẹ̀ náà á sì ti kú. Ìlànà nìkan ni kó wà ní Yorùbá, ìlà kúkúrú. Bí o bá dé orí ìpínrọ̀ kan, ka ìlà rẹ̀, gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí o wá sọ ọ́ ní Faransé bí ẹni tó ń bá ọmọ Ègùn kan sọ̀rọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò gbọ́ tìrẹ, tí ìwọ náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ jáde ni kí o kọ. Accent (àmì orí lẹ́tà) àti accord (bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá ara wọn mu), ìwọ àti olùkọ́ Faransé rẹ lẹ jọ ni ìyẹn.

Thèse (apá tó ní bẹ́ẹ̀ ni) àti antithèse (apá tó ní rárá) mi máa ń dára, ṣùgbọ́n synthèse (apá kẹta tó tẹ̀lé wọn) kì í ní nǹkan kan nínú.

Mo mọ̀. Ẹ ti sọ synthèse di ibi tí ẹ ti ń parí ìjà: "méjèèjì ló dára, kí a ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì." Ẹni tí kò ka apá kìíní àti ìkejì lè kọ ìyẹn.

Ká mú un pé wọ́n béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé máa bá ìyá rẹ̀ tajà. Lápá kìíní o ní bẹ́ẹ̀ ni: ó ń kọ́ ìṣírò, ó ń mọ ènìyàn, ilé sì ń rí oúnjẹ jẹ. Lápá kejì o ní rárá: ọjọ́ ọjà a máa bọ́ sí ọjọ́ ìwé, àárẹ̀ á mú ọmọ, kò ní jí kẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa. Kí ló wá fa ìjà láàárín àwọn méjèèjì gan-an? Kì í ṣe ọjà títà. Wákàtí ọmọ ni wọ́n ń jà sí, ta ló ni ín. Bí o bá ti rí èyí, apá kẹta ti dé: ọjà ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣe ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú ọjà tó yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì, ẹni tó sì pa méjèèjì pọ̀ kò tíì dáhùn ìbéèrè. Synthèse ni kí o rí ohun tí apá méjèèjì kò rí.

Bí o kò bá rí i, kọ apá méjì tó lágbára. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju mẹ́ta tí ọ̀kan rẹ̀ ṣófo lọ. Àmọ́ bí olùkọ́ rẹ bá ní mẹ́ta dandan ni, òun ló ni bírò pupa.

Mo ní ìlànà, mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dé àárín, ọ̀rọ̀ á kàn dúró. Bí mo bá sì fipá parí rẹ̀, olùkọ́ á ní kò lọ síbì kankan.

Àìsàn gidi nìyí, ó sì ti bá mi fínra ju bó ṣe bá ẹnikẹ́ni nínú yín fínra lọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan nílùú ló ní kí n kọ àròkọ nípa odi Kétu àti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà lára odi náà, kí wọ́n lè kà á fún àwọn àlejò wọn. Ọmọ Kétu wo ni kò mọ Àkàbà Ìdènà? Mo to ìlànà mi bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé: Odi àti yàrà. Ẹnubodè. Ogun Dàhọ̀mì. Ìdènà lónìí. Ó mọ́ tónítóní. Mo kọ ìpínrọ̀ kìíní, ó dùn. Mo kọ ìkejì, ó dùn. Bí mo ṣe dé orí ogun, bírò dúró.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìmọ̀ mi ni kò tó. Mo tọ àwọn àgbà lọ, mo bi wọ́n, mo padà dé pẹ̀lú ìtàn àwọn òmìrán tí wọ́n ní wọ́n mọ odi náà àti oríṣiríṣi ìtàn ogun. Mo fi gbogbo rẹ̀ kún un. Àròkọ gùn sí i, ó tún dúró síbi tó ti dúró tẹ́lẹ̀. Mo ní bóyá àárẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kọ ọ́ ní ìdájí. Bó ṣe ń dúró lálẹ́ náà ló ń dúró ní ìdájí. Mo ní bóyá èdè ni. Mo kó o kúrò ní Faransé bọ́ sí Yorùbá. Kò yí padà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ lẹ àwọn ìpínrọ̀ pọ̀: "Yàtọ̀ sí èyí", "Bákan náà", "Ẹ jẹ́ ká tún wo". Ẹ máa ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn nínú ìwé yín. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ kì í sọ "ẹ jẹ́ ká tún wo".

Àlùmọ́gàjí ló tú àṣírí rẹ̀. Inú ti ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo gé bébà sí ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, mo dà wọ́n pọ̀, mo kó wọn fún ọmọ aládùúgbò kan tó wà ní quatrième (ọdún kẹta girama) pé kó tò ó bó ṣe rò pé ó yẹ. Ó fi ogun ṣíwájú, ó ti àwọn òmìrán sáàárín, ó gbé odi sí ìparí. Mo kà á. Kò burú ju tèmi lọ rárá! Ohun tí mo kọ dà bí igbá ọjà: gbé ata síwájú, gbé iyọ̀ síwájú, kò sí èyí tí oníbàárà máa bá ọ jà sí.

Nígbà náà ni mo rí i pé inú ìlànà ni àìsàn náà wà, kí n tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. "Ogun Dàhọ̀mì" kò sọ nǹkan kan. Orúkọ ni. O kò lè bá orúkọ jiyàn, orúkọ kan kò sì lè ti òmíràn síwájú. Mo ya ìlànà náà, mo tún òmíràn tò, tó jẹ́ pé gbólóhùn ni ìlà kọ̀ọ̀kan, irú gbólóhùn tí ẹnìkan lè tìtorí rẹ̀ bá mi jà:

Odi àti yàrà ni Kétu gbẹ́kẹ̀ lé láàárín àwọn tó lágbára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n odi tó ń ti ọ̀tá mọ́ta lè ti onílé mọ́lé: ní 1886, ogun Glele, ọba Dàhọ̀mì, dó ti ìlú, ebi sì wọlé níbi tí ọ̀tá kò ti rí ọ̀nà wọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Kétu fi ṣubú, kó má wo odi nìkan, kó wo àká oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ìlú kò parí síbẹ̀: lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, àwọn tó kù padà wá tún un dá.

Nítorí náà, Ìdènà kì í ṣọ́ wa mọ́. Àwa là ń ṣọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, láti orí ìkejì lọ. "Ṣùgbọ́n" tàbí "nítorí náà" ni. Bí o bá to ìlànà rẹ, tí ó jẹ́ "bákan náà" nìkan ló lè wọ àárín ìlà méjì, ìlà kan náà lo kọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ọ̀kan nínú wọn má ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ìtàn àwọn òmìrán, tí mo fẹ́ràn jù, kò rí àyè kankan nínú ìlànà tuntun yìí. Mo yọ ọ́. Ó dùn mí títí di òní. Àmọ́ bírò kò dúró mọ́.

Èyí máa gba àkókò. Nínú ìdánwò ńkọ́?

Gbólóhùn márùn-ún ni mo kọ sókè yẹn. Bí wọ́n bá fún ọ ní wákàtí mẹ́rin, wákàtí kan lórí brouillon kò pọ̀ jù. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé bírò kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó ka èyí. Ṣé kí n ya á dànù ni?

Rárá. Mú pẹ́ńsùlù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, fi gbólóhùn kan kọ ohun tó sọ. Ohun tó sọ o, kì í ṣe ohun tó dá lé lórí. Ìpínrọ̀ tí o kò bá rí gbólóhùn kọ fún, fa igi lé e. Èyí tó bá gba gbólóhùn méjì, là á sí méjì. Lẹ́yìn náà ka àwọn gbólóhùn ẹ̀gbẹ́ nìkan láti òkè délẹ̀, kí o wo bóyá "ṣùgbọ́n" àti "nítorí náà" wà níbẹ̀.

Tí kì í bá ṣe ìdánwò, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá kà á sókè. Ibi tí èémí rẹ bá ti gé ni kí o gé gbólóhùn. Ibi tí ojú bá ti tì ọ́ láti kà sókè, o ti mọ ohun tó yẹ kí o ṣe síbẹ̀.

Ẹnìkan níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní òun lè bá mi kọ ọ́. Fóònù mi náà lè kọ ọ́.

Kí wọ́n bá ọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú.

Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e tọ olùkọ́ lọ?

Ẹ máa ń tètè lọ jù. Ẹ óò gbé ìbéèrè tí ẹ kò tíì dà kọ lọ bá a, òun náà á sọ ìlànà tirẹ̀ fún yín, ẹ óò wá padà sílé pẹ̀lú àròkọ olùkọ́. Bí ó bá jẹ́ mémoire (ìwé ìwádìí àṣejáde) yunifásítì, ìyẹn yàtọ̀: ẹni tó ń darí iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ rí ìlànà kí o tó kọ ojú ewé kan, nítorí òun ló máa fọwọ́ sí i. Èyí tó kù, ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí ná.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ tún fún mi ní 9 nínú 20.

Ó dáa, máa bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o wá. Mú ìwé náà dání, èyí tí bírò pupa wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí o tún kọ kó lè mọ́ lójú mi. Mú brouillon rẹ pẹ̀lú. Bí kò bá sí brouillon, jókòó sílé rẹ.