Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Venice

Àṣìṣe kan náà ni ọ̀pọ̀ àlejò tó bá ní ọjọ́ kan péré ní Venice, ìlú orí omi ní Ítálì, máa ń ṣe. Wọ́n á dé nígbà tí oòrùn ti ga, wọ́n á bá èrò wọ́ lọ sí gbàgede San Marco, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ padà. Èrò ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n rí, wọn kò rí ìlú. Ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí gba kí ẹ tètè jí, kí ẹ sì fi ọ̀sán sílẹ̀ fún Murano, erékùṣù kan nítòsí ìlú náà. Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa ọmọ Yorùbá.

Kí ẹ tó gbéra

Láti 2024 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọ̀lú lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn mọ́jú, láwọn ọjọ́ tí wọ́n bá yàn láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá tètè san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń san yúrò 5. Ẹni tó bá fi falẹ̀ ń san 10. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀ sórí fóònù yín.

Kò sí mọ́tò nínú ìlú náà, kò sí ọ̀kadà. Afárá tó lé ní 400 ló so àwọn erékùṣù rẹ̀ pọ̀, àtẹ̀gùn ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wọ bàtà tó bá yín lẹ́sẹ̀ mu. Ẹ má wọ́ àpótí kiri. Ibi ìtọ́jú ẹrù wà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Kí aṣọ yín bo èjìká àti orúnkún, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì.

1. Ẹ dé ní nǹkan bí aago méje àárọ̀

Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀ Santa Lucia, omi lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìlú mìíràn ti ní títì. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó ń lo wákàtí 24, yúrò 25. Ó lè dà bíi pé ó wọ́n, àmọ́ yúrò 9.50 ni wíwọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ó sì wọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ ni kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì náà kan ẹ̀rọ tó wà létí omi.

2. Ẹ wọ ọkọ̀ laini 1 lọ sí San Marco

Ọkọ̀ èrò ìlú ni, vaporetto ni wọ́n ń pè é, ó sì ń yà sí gbogbo ibùdó bíi dáńfó. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án: kì í sáré. Ẹ wá ibi tí kò ní òrùlé jókòó sí. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ni yóò máa kọjá lọ́tùn-ún lósì, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sómi. Orí òpó igi tí wọ́n gbá mọ́ inú ẹrẹ̀ ni àwọn ilé wọ̀nyí dúró sí. Igi tí afẹ́fẹ́ kò bá kàn kì í tètè jẹrà. Lójú ọ̀nà, ẹ ó gba abẹ́ afárá Rialto tí wọ́n parí ní 1591. Títí di 1854, òun nìkan ni afárá tó dá Grand Canal, ojú omi ńlá tó la ìlú náà já, kọjá.

3. San Marco kí èrò tó dé

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí gbàgede náà ká ní ìdákẹ́jẹ́. Ilé agogo gogoro tó wà níbẹ̀ wó lulẹ̀ ní 1902. Wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1912. Bí ẹ bá fẹ́ wọ Basilica, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀, ẹ ti gba àkókò sílẹ̀ ṣáájú, ẹ sì gbójú sókè: wúrà ló kún àjà rẹ̀. Ààfin àwọn Doge, ìyẹn àwọn olórí Venice àtijọ́, dára, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Bó bá jẹ́ èmi, màá fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

4. Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ọjà ẹja Rialto

Àmì tí wọ́n kọ "Per Rialto" sí wà lára ògiri, ẹ máa tẹ̀ lé e. Ọjà náà kì í ná ní Sunday àti Monday, ó sì ń tú ní ọ̀sán. Ní àyíká ibẹ̀, ẹ wọ ilé ọtí kékeré tí wọ́n ń pè ní bacaro, kí ẹ dúró jẹun bí àwọn onílé ti ń ṣe. Ẹ béèrè baccalà mantecato: ẹja gbígbẹ tó ń wá láti Norway ni, ọmọ ìyá pańla tí à ń fi sọbẹ̀ nílé, tí wọ́n gún pẹ̀lú òróró títí ó fi funfun tó sì rọ̀, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ràn pańla kò ní jẹ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà náà ni ọkọ̀ gondola, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tó ń gbé èrò sọdá sí Santa Sofia ní òdìkejì omi wà. Traghetto ni wọ́n ń pè é, yúrò 2 sì ni. Gondola olówó ńlá tó ń gbé àlejò najú, yúrò 90 ni fún ìdajì wákàtí lọ́sàn-án. Ẹ wọ ti yúrò 2.

5. Murano

Láti Santa Sofia, ẹ rìn lọ sí Fondamente Nove, kí ẹ wọ ọkọ̀ 4.1 tàbí 4.2. Ní 1291, ìjọba Venice pàṣẹ pé kí àwọn tó ń yọ́ dígí kó ìléru wọn lọ sí erékùṣù yìí, nítorí ìbẹ̀rù iná. Ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dígí, Museo del Vetro, kí ẹ sì lọ tààrà síbi tí ìlẹ̀kẹ̀ wà. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Àwọn kéékèèké wọ̀nyẹn, conterie, wà lára ohun tí ọkọ̀ òkun kó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú wọn ni àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wa ń sìn sára adé ọba, iṣẹ́ tí a mọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ́.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ dígí tẹ́lẹ̀ o. Ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ dígí pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkànlá wá. Ọwọ́ tó ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ló tún gba ti Murano, tó sì fi í dá àrà tirẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn ní Yúróòpù tí mo ti lè ronú nípa adé Yorùbá báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá àmì "Vetro Artistico Murano", nítorí ayédèrú pọ̀. Ẹni tó bá sì fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọ̀ yín láti lọ wo ìléru, ọjà ló fẹ́ tà fún yín.

6. Ìrọ̀lẹ́

Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ferrovia, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú irin. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, ẹ rìn dé Ghetto, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n há àwọn Júù mọ́ ní 1516, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà, ghetto, ti jáde lọ sí gbogbo ayé. Ẹ wo bí àwọn ilé ibẹ̀ ṣe ga ju ti àdúgbò tó kù lọ: àyè kò sí, òkè ni wọ́n ń kọ́lé lọ. Kí ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ yín gbéra, ẹ ti máa padà, nítorí ẹ ṣì máa gba ẹrù yín.