Àtẹ̀gùn tí mo wò láìsí ohùn

Ọ̀rẹ́ mi kan ló bi mí pé kí ni mo ń rí nínú fíìmù àwọn jàǹdùkú ayé àtijọ́, tó jẹ́ pé ìbọn àti fìlà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo bá jókòó ti The Untouchables, tí Brian De Palma darí lọ́dún 1987. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan: mo kọ́kọ́ wò ó tohùn-tohùn, lẹ́yìn náà mo pa ohùn.

Chicago ni ìtàn náà wà, láyé ìgbà tí òfin Amẹ́ríkà ka ọtí léèwọ̀. Al Capone, olórí jàǹdùkú, ń tà á, ìjọba rán òṣìṣẹ́ agbófinró kan, Eliot Ness, sí i.

Láti òkè ni kámẹ́rà ti ń wo Capone níbẹ̀rẹ̀, bó ṣe nà gbalaja sórí àga onígbàjámọ̀, tí àwọn oníròyìn yí i ká. Ó yí orí, abẹ gé e. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnikẹ́ni kò yọ ìbọn, síbẹ̀ àyà mi já nítorí onígbàjámọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn Union Station, ibùdókọ̀ ojú irin, ni mo padà sí léraléra. Ness ń dúró de ọkùnrin tó ń kọ ìwé owó Capone. Obìnrin kan ń wọ́ ẹrù àti kẹ̀kẹ́ ọmọ gòkè, ó gun kan, ó sinmi, ó tún gun kan. Orin Ennio Morricone ń rọra dún bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ. Ìgbà tí mo pa ohùn ni mo wá rí ojú Ness dáadáa: ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọmọ, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ó lọ ràn án lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó gbé e dókè ni ìbọn dún, kẹ̀kẹ́ bọ́, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lọ sísàlẹ̀. Ìdúró yẹn ladùn wà, kì í ṣe ìbọn. Ọ̀dọ̀ Sergei Eisenstein, olùdarí fíìmù mìíràn, ni De Palma ti yá ìran àtẹ̀gùn yìí, nínú fíìmù aláìlóhùn ọdún 1925. Abájọ tí kò fi pàdánù nǹkan kan nígbà tí mo pa ohùn.

Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ pọ̀ nínú ìtàn náà. Òótọ́ ni. Nínú fíìmù, Ness ló ti Frank Nitti, ọmọlẹ́yìn Capone, bọ́ láti orí òrùlé. Ní ti gidi, Nitti ló pa ara rẹ̀ lọ́dún 1943. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn owó orí ni wọ́n fi dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún Capone lóòótọ́, lọ́dún 1931.

Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé àtẹ̀gùn yẹn sí i, mo pa ohùn. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe bọ́, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ti nà síwájú, ó fẹ́ gbá ọmọ mú.